Ọ̀gágun Onírùngbọ̀n Èèpo Àgbọn

Kò sí ẹni tó mọ ikú kú bí èmi. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, kí ẹni tó ń tòògbé lẹ́yìn lọ́hùn-ún lè gbọ́: ní gbogbo erékùṣù wa, láti etíkun títí dé orí òkè tó ń rú èéfín, kò sí òṣèré tó lè ṣubú lulẹ̀ kó kú bí èmi Manses Garae. Tí ìbọn onígi wa bá ti dún (ẹnu la fi ń sọ "gbàù"), apá mi òsì á fò sókè, n ó yí lẹ́ẹ̀mejì bí àgbọn tó já, n ó ké pé "Mo gbé o, ìyá mi!", n ó sì fi ojú gbolẹ̀. Àwọn obìnrin á bú sẹ́kún. Ajá á wá gbóòórùn mi, á sì fi ìbànújẹ́ yí padà lọ sílé. Mo ti kú ní abúlé tí mi ò lè ka iye rẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó rí àbùkù nínú ikú mi rí.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ó ń bọ̀ wá ṣẹlẹ̀ sí mi.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìjì ńlá ti ń bí ọmọ tiwọn. Ní olú ìlú, èèyàn méjì ló ń pe ara wọn ní olórí ìjọba, oníkálukú ló sì ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Láràárọ̀ ni rédíò ń sọ pé ogun abẹ́lé lè bẹ́ nígbàkigbà, pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti ń la ojú sílẹ̀ wò wá. Mo ní ó yá, ẹgbẹ́ òṣèré wa gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún aráyé. Mo gbé eré kan kalẹ̀, mo pè é ní Ogun Ọdún Tó Ń Bọ̀: àwọn ará òkè dìde sí àwọn ará etíkun, wọ́n ti pápá bàálù pa, sójà òkèèrè dé, gbogbo ayé sunkún.

A kọ́kọ́ ṣe é ní Lovatu, abúlé èmi fúnra mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ṣubú lórí ẹní.

"Manses, jọ̀ọ́," ni ọkùnrin kan ké sí mi láàárín eré, "ta gan-an ni àwọn ará òkè yìí fẹ́ yìnbọn fún? Àna wọn ni gbogbo wa!"

"Kava ìrọ̀lẹ́ ńkọ́?" ni òmíràn bèèrè, omi gbòǹgbò tí a máa ń mu ló ń wí. "Ṣé wọ́n á dá ogun dúró mu ún ni, àbí wọ́n á máa fi ọ̀nà ọ̀fun gbígbẹ jà?"

Rolenas, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ló wá fi òkúta lé e. Òun ló bá mi tọ́ ọmọ mi nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, nítorí náà ó gbà pé òun ló ni ẹnu nínú ilé mi. Ó dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Láti ìgbà tí ogun yìí ti bẹ̀rẹ̀," ló wí, "mi ò tíì rí ẹni tó lọ wa iṣu. Kí ni wọ́n ń jẹ? Ogun yìí kò ṣeé gbà gbọ́."

Kí wọ́n pe mí ní onírọ́, mo fara mọ́ ọn, iṣẹ́ mi ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní irọ́ mi kò jọ òótọ́! Oorun kò kùn mí. Mo tún eré náà ṣe láti ìdí. Mo gba ipò olórí ọlọ̀tẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin ọlẹ tó ń ṣe é, mo gbé e fún Anneth, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, olùkọ́ àwọn ọmọ kékeré ni. Mo fi èèpo àgbọn ṣe irùngbọ̀n fún un, ó gùn dé àyà. Nígbà tó bá gbé òkú ẹ̀gbọ́n ọlọ̀tẹ̀ náà mọ́ra tó ń sunkún, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ inú ọgbà pàápàá á dákẹ́. Èmi ni mo sì ń ṣe òkú náà, pẹ̀lú ìyẹ̀fun lórí kí irun mi lè funfun.

Ó wá ku ewé. Namele ni ewé tí olóyè máa ń gbìn sójú ọ̀nà tó bá fẹ́ tì pa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ màrìwò, ẹ ò nílò kí n fi ọ̀rọ̀ yìí gùn. Kò sẹ́ni tó ń fò ó kọjá. Ẹni tó bá sì mú un lọ́wọ́ wá bá ọ, àlàáfíà ló wá bẹ̀. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, òun náà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ọ́, ẹlẹ́dẹ̀ tó fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ á sì máa bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú eré tàkọ́kọ́, ewé ọ̀pẹ lásán ni a lò. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní rárá, ojúlówó ni mo fẹ́. Mo lọ bá Olóyè Bulevira.

"Namele kì í ṣeré," ni bàbá náà wí.

"Bàbá Olóyè, ẹ ṣáà bá wa gbìn ín."

"Tí mo bá gbìn ín, mo gbìn ín nìyẹn."

"Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn, Bàbá!"

Ó tẹ̀lé mi lọ sí pápá bàálù, níbi tí koríko ti tẹ́jú fún eré, ó sì gbin ewé méjì ní àgbélébùú sí àárín rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n sunkún, àwọn ọmọdé tọ̀ sára. Rolenas pàápàá fi etí aṣọ nu imú. Nígbà tí eré parí, mo ní kí Olóyè wá bá wa fa ewé rẹ̀ tu.

"Ẹlẹ́dẹ̀ tí eyín rẹ̀ ká dà?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ wo, Bàbá?"

"Ṣé o rò pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń fa namele tu? Mo sọ fún ọ."

A ò ní ẹlẹ́dẹ̀ tí eyín rẹ̀ ká. Kí ẹlẹ́dẹ̀ tó hu irú eyín bẹ́ẹ̀, ọmọ ọwọ́ á ti wọ ilé ẹ̀kọ́. Ewé náà wá dúró síbẹ̀. Nígbà tí bàálù tó ń kó ẹrù wá láti olú ìlú dé, awakọ̀ rẹ̀, ọmọ erékùṣù wa ni, rí namele láti òkè, ó fi ọ̀wọ̀ yí kiri lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà síbi tó ti wá. Òmíràn dé, òun náà padà.

Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan nínú èrò ti fi fóònù ya eré náà. Ó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní olú ìlú kó lè gbádùn ara rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹnì kan lójú ọ̀nà gé ibi tí mo ti kí èrò káàbọ̀ kúrò, ó sì gé ibi tí gbogbo wa ti tẹríba tí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohun tó kù ni ogun.

Nígbà tó yá, rédíò sọ̀rọ̀: "Àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti gba pápá bàálù Lovatu. Bàálù kò lè balẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gágun Onírùngbọ̀n ni wọ́n ń pe olórí wọn."

A rẹ́rìn-ín nínú nakamal, ilé tí àwa ọkùnrin ti ń mu kava, títí kava fi gba imú jáde. Mo dìde, mo tẹríba. "Ẹ gbọ́ o! Ta ló ní kò ṣeé gbà gbọ́?"

"Sọ fún wọn pé eré ni," ni Rolenas wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ta ni kí n sọ fún? Rédíò ni ìyẹn. Kò ní etí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan la jí rí ọkọ̀ ojú omi aláwọ̀ eérú kan lójú òkun, ó tóbi ju ilé ìjọsìn wa lọ, ìbọn rẹ̀ sì kọjú sí òkè. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Rédíò ń sọ pé àwọn sójà orílẹ̀-èdè ńlá kan ti wá gbà wá, pé àwòrán Ọ̀gágun Onírùngbọ̀n wà lọ́wọ́ wọn. Anneth wò mí. Mo wò ó. Kò dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ wí: ó kó àwọn ìbọn onígi sínú àpò, kí sójà má baà bá wọn nínú ilé wa, ó gbé irùngbọ̀n rẹ̀ lé e, ó sì sá gun òkè lọ sínú igbó.

Kò pẹ́ sí i ni àwọn sójà yọ. Ẹ̀yìn ilé Olóyè Bulevira ni wọ́n ti gúnlẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn, wọ́n gé ewé bo ara: ewé wà lórí akoto, ewé wà ní èjìká, ewé wà lára ìbọn. Namele ni. Gbogbo namele tí bàbá náà gbìn sí àgbàlá rẹ̀ láti ìgbà èwe ni wọ́n ti gé lé orí.

Inú mi bàjẹ́ fún bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wojú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n mà lẹ́kọ̀ọ́ o," ló wí. "Odindi ọmọ ogun, gbogbo wọn ló mú namele dání. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n wá bẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹní!"

Wọ́n tẹ́ ẹní. Olóyè jókòó ní àárín, ó ká ẹsẹ̀, ó ń retí ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀gá àwọn sójà, Méjọ̀ Dunstan lorúkọ rẹ̀, rí wa tí a jókòó sórí ẹní, ó ní a ti túúbá. Ó ń sọ èdè wa bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má sá! A kò wá pa. A wá gé àlàáfíà fún yín, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́!"

Ó yọ àwòrán kan. Ọmọ mi ni, pẹ̀lú irùngbọ̀n àgbọn rẹ̀, ojú rẹ̀ ń jó bí iná. "Ọkùnrin yìí dà?"

Méjọ̀ nawọ́ sí ọkọ̀ ojú omi náà, ó nawọ́ sí òkè. "A mọ̀ pé òkè ló wà. Kí oòrùn tó wọ̀, tí kò bá sọ̀kalẹ̀, ìbọn ńlá yẹn yóò fọ́ òkè náà. Mo ti sọ."

Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi síwájú, kì í ṣe ọkàn mi. "Sà, èmi ni Manses Garae. Èmi ni mo gbé ogun náà kalẹ̀."

Ojú rẹ̀ là. Sójà méjì dìde. "Ìwọ lo gbé ogun kalẹ̀?"

"Eré ni, sà! Eré orí pápá! Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọkùnrin, obìnrin ni. Irùngbọ̀n yẹn kì í ṣe irùngbọ̀n, àgbọn ni. Ìbọn yẹn kì í ṣe ìbọn, igi ni."

"Ogun yẹn ńkọ́?"

"Kì í ṣe ogun, sà!"

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó fi ibi tí Anneth ti gbé òkú mọ́ra hàn mí. Ẹkún náà jáde láti inú ẹ̀rọ kékeré yẹn, ó tún mú mi lọ́kàn lákọ̀tun. "Mo ti dé ojú ogun ju ọ̀kan lọ," ni Méjọ̀ wí jẹ́jẹ́. "Mo mọ ẹkún. Ẹni tó ń sunkún báyìí ti pàdánù èèyàn rẹ̀. Kò sí òṣèré láyé tó lè ṣe èyí."

Ẹ wò ó, ọmọ mi wà lórí òkè, ìbọn ọkọ̀ ojú omi kọjú sí i, oòrùn sì ti yẹ̀ lórí; síbẹ̀ nǹkan kan wú nínú àyà mi bí búrẹ́dì nínú ààrò. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là.

"Ẹ ṣeun, sà," ni mo wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Rolenas gbá mi létí níwájú gbogbo ọmọ ogun.

"Ìwọ lo kọ́ ọ ní ọ̀tẹ̀?" ni Méjọ̀ bèèrè.

"Ẹkún ni mo kọ́ ọ! Ẹkún, sà!"

"Manses," ni Olóyè Bulevira ké láti orí ẹní, "bá mi bi wọ́n, ẹlẹ́dẹ̀ wọn dà?"

"Kí ni bàbá arúgbó yẹn ń wí?"

Mo ní, "Ó ń bèèrè ẹlẹ́dẹ̀ yín, sà."

Ojú Méjọ̀ pọ́n. "Ó pe àwọn ọmọ ogun mi ní ẹlẹ́dẹ̀?"

Mo gba ọ̀nà mìíràn yọ. Mo tọ́ka sí ibi tí òkú náà ti ń ṣubú nínú fóònù. "Sà, ẹ wo òkú yìí. Èmi ni! Ṣé òkú ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ó wo fóònù, ó wò mí. Ojú òkú náà wà nínú ekuru, kò hàn. "Arúgbó ni ìyẹn. Irun rẹ̀ funfun."

"Ìyẹ̀fun ni, sà!"

Ó ronú. Olóòótọ́ èèyàn ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ká apá mọ́ àyà, ó ní, "Ó dáa. Kú, kí n rí i."

Áà! Ṣé ẹ rántí ìfọ́nnu mi? Ohun tí mo ń fi gbogbo ayé mi ṣe, tí mo lè ṣe lójú oorun, ni wọ́n ní kí n wá fi ra ọmọ mi padà. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé, "Ọpẹ́ o, wàhálà tán." Sójà kan fi ẹnu sọ "gbàù" fún mi.

Orúnkún mi kọ̀. Apá òsì tó yẹ kó fò sókè, ó gbọ̀n ni. Mo bojú wẹ̀yìn wo ibi tí mo fẹ́ ṣubú sí. Mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ ná, mo jókòó, mo wá dùbúlẹ̀ bí ìyá àgbà tó ń wá àpótí nínú òkùnkùn. "Mo gbé o," ni mo wí, bí ẹni tó ń bèèrè iyọ̀.

Kódà ajá kò súnmọ́ mi.

Méjọ̀ mi orí. Àánú mi ṣe é. "Bàbá," ló wí, "ìwọ kì í ṣe òṣèré. O gbìyànjú láti gba ọlọ̀tẹ̀ yẹn sílẹ̀, mo mọ̀ pé èèyàn rẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣubú kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹkún. Ogun gidi ni mo rí nínú fóònù."

Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ẹnu mi nínú koríko. Ẹni tó fi irọ́ jẹun láti ìgbà èwe, òtítọ́ kan ṣoṣo ló ní lọ́wọ́, kò sì rí ẹni tó máa rà á.

Rolenas ló bá Méjọ̀ sọ̀rọ̀. Kò bẹ̀ ẹ́. "Ẹ fún un ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè yẹn," ló wí. "Kó pè é. Tó bá sọ̀kalẹ̀, ẹ ó rí i fúnra yín pé ọmọbìnrin ni. Ẹ fa irùngbọ̀n rẹ̀."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà fún mi. Àwọn sójà tò sí etí pápá, gbogbo wọn nínú namele, gbogbo ìbọn kọjú sí ẹsẹ̀ òkè. Ọmọ kékeré ni púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó sún mọ́ mi jù lọ, irùngbọ̀n tirẹ̀ kò tíì hù, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n ju tèmi lọ.

"Anneth! Bàbá rẹ ni! Sọ̀kalẹ̀ wá!"

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wá láti inú igbó, ó jìnnà: "Bàbá, ṣé wọn ò ní yìnbọn?"

Ẹ sọ fún mi, kí ni kí bàbá dáhùn? Tí mo bá ní kó dúró, òkè á fọ́ mọ́ ọn lórí. Tí mo bá ní kó máa bọ̀, ọmọdé tó ń gbọ̀n yìí ló máa pàdé. Mo la ẹnu, ẹ̀rọ náà hó gùù, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀.

Òun ló tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Mo gbọ́ ayọ̀ nínú rẹ̀. "Háà, Bàbá! Wọ́n mà wọ namele! Gbogbo wọn! Kí ló dé tí ẹ ò ti sọ fún mi?"

Ẹ̀jẹ̀ mi di omi tútù.

"Anneth, rárá! Wọn ò mọ̀ ọ́n! Wọn ò mọ ohun tó jẹ́!" Ṣùgbọ́n mo ti ju ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kí n tó ké, kò gbọ́. Ó ń bọ̀. Ó ń rìn jáde nínú igbó gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a tọ́ ṣe ń rìn níwájú namele, ọrùn rẹ̀ ga, kò yára, kò sì lọ́ra. Irùngbọ̀n náà wà lẹ́nu rẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀. Ìbọn onígi wà ní èjìká rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé igi ni. Ó ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Kí ló máa fi bẹ̀rù? Ẹni tó bá gbé ewé yẹn sórí kò lè pa eṣinṣin.

Mo gbọ́ kẹ̀kẹ̀kẹ̀ láti orí ìlà àwọn sójà: àwọn ìbọn ń ṣí ẹnu.

"Olórí ọlọ̀tẹ̀!" ni ẹnì kan ké. "Ó gbé ìbọn!"

"Dúró!" ni Méjọ̀ ké, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá Anneth ló ń sọ fún tàbí àwọn sójà rẹ̀, mo sì lérò pé òun náà kò mọ̀. Anneth gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìkíni. Ó gbé ọwọ́ sókè láti dá a lóhùn. Ìbọn onígi náà yẹ̀ lórí èjìká rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí wa.

Mo rí ìka ọmọdé náà. Mo sáré. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kò mọ ibi tí mo ti rí ẹsẹ̀. Mo wà láàárín ọmọ mi àti ìlà yẹn, mo na apá mi méjèèjì, nígbà tí ó dún.

Kò dún "gbàù." Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣeré, ẹ̀yin èèyàn mi, irọ́ ni mo ti ń pa. Ó dún bí ìgbà tí ẹ̀ka gbígbẹ bá ṣẹ́ nínú etí ẹni. Nǹkan kan gbá itan mi bí kùmọ̀. Apá mi òsì fò sókè. Mo yí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ ohùn kan tó ké pé "Mo gbé o, ìyá mi!", ohùn mi ni. Mo fi ojú gbolẹ̀.



Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà, gbogbo Lovatu.

"Manses o! Èyí gan-an nìyẹn!"

"Kí ló dé tí o ò ti kú báyìí láti àárọ̀?"

"Tún un kú! Tún un kú!"

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ni. Koríko ló wà lẹ́nu mi. Mo gbọ́ bàtà Méjọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi. Ó dúró. Ó tẹ fóònù rẹ̀, mo sì gbọ́ ara mi láti inú rẹ̀: "Mo gbé o, ìyá mi!" Ó tún un tẹ̀. Apá òsì. Lẹ́ẹ̀mejì. Ojú nínú ekuru.

"Òun ni," ni Méjọ̀ wí, bí ẹni tó jí lójú oorun. "Ọkùnrin kan náà ni. Ìṣubú kan náà." Ó kígbe sí àwọn èèyàn rẹ̀ ní èdè wọn, mo sì gbọ́ tí ìbọn ń lọ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. "Òṣèré ni yín! Òṣèré ni gbogbo yín!"

"Ẹ̀jẹ̀ ni, sà," ni mo ráyè wí.

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Omi èso." Ó fọwọ́ gbá mi léjìká. "O kú iṣẹ́, bàbá. Ìṣubú àkọ́kọ́ yẹn, o fi tàn mí jẹ pátápátá."

Anneth ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀ jù nù, ó fọwọ́ kan itan mi, ó rí i pé ó gbóná. Ẹkún tó sun, mi ò kọ́ ọ ní irú rẹ̀ rí. Kò dùn-ún gbọ́, imú rẹ̀ dí, kò sì sí èrò tó lè fi owó wo irú rẹ̀. Ọmọ mi wà láàyè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni di gbòǹgbò mú nínú odò tó kún.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ké sí oníṣègùn. Ọmọdé tó yìnbọn náà jókòó sórí koríko, ó bì. Rolenas ya etí aṣọ rẹ̀, ó ń di itan mi, ó ń dì í le ju bó ṣe yẹ lọ.

Méjọ̀ ti gbé rédíò rẹ̀ sẹ́nu. Ó ń sọ fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi pé iṣẹ́ parí, pé ogun Lovatu ti tán, pé ọmọ ogun òun kò sọ ẹnì kan nù, pé dídé àwọn ló mú àlàáfíà wá.

"Namele ló parí ogun yìí," ni Olóyè Bulevira dá a lóhùn láti orí ẹní, ó na àyà. "Mo gbìn ín, wọ́n wọ̀ ọ́, ó parí. Ó ku ẹlẹ́dẹ̀."

Kí ni èmi náà ń dúró fún? Mo gbé orí sókè nínú ìrora mi. "Ẹ má dá wọn lóhùn," ni mo wí. "Ìṣubú mi ló parí ogun."

Rolenas fi eyín já okùn aṣọ náà, ó ta kókó rẹ̀.

"Kò kúkú sẹ́ni tó ń jà tẹ́lẹ̀," ló wí.